Ẹ Kan Ilẹ̀kùn Kí Ẹ Tó Gbé Ìrẹsì

Iléṣà

Ẹ̀yin ọmọ mi, ọ̀dọ́ Ìjọ Elétò (Mẹ́tọ́díìsì),

Ẹ kú iṣẹ́ Olúwa o. Ara mi le, orúnkún nìkan ló ń bá mi ṣọ̀tá. Wọ́n sọ fún mi pé ẹ ti ń dáwó ìrẹsì Kérésìmesì tí ẹ fẹ́ kó lọ sí ilé àwọn ọmọ aláìlóbìí, pé ẹ ti tẹ orúkọ ìjọ sára aṣọ tí ẹ máa wọ̀, pé onífọ́tò pàápàá ti gba àsansílẹ̀. Inú mi dùn sí i. Ìbéèrè kan péré ni mo fẹ́ bi yín: ìyá arúgbó tó máa ń jókòó lórí bẹ́ǹṣì kẹta lápá òsì, tó máa ń ṣe "Àmín" kí àlùfáà tó parí àdúrà, ta ni nínú yín tó mọ ilé rẹ̀? A ò rí i láti ọjọ́ ìkórè.

Létí yín lónìí, kíláàsì, ìyẹn agbo kékeré tí a pín ọmọ ìjọ sí lábẹ́ olórí kan, kò ju ibi tí wọ́n ti ń béèrè owó lọ. Mi ò dá yín lẹ́bi. Bí àwa àgbà ṣe sọ ọ́ dà nìyẹn. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ bó ṣe bẹ̀rẹ̀. Ní oṣù Kejì ọdún 1742, ní Bristol nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àwọn ọmọ ẹgbẹ́ John Wesley, ẹni tó dá ìjọ Elétò sílẹ̀, jẹ gbèsè lórí ilé ìpàdé tí wọ́n kọ́. Wọ́n jókòó láti wá bí wọn yóò ṣe san án. Ọ̀kan nínú wọn, tí wọ́n ń pè ní Captain Foy, ní kí oníkálukú máa dá kọ́bọ̀ kan lọ́sẹ̀ (pẹ́nì tiwọn ni o, kì í ṣe kọ́bọ̀ tiwa tí kò ra nǹkan kan mọ́). Ẹnì kan fèsì pé tálákà pọ̀ láàárín wọn tí kò ní rí i san. Captain Foy ní kí wọ́n kó mọ́kànlá nínú àwọn tó tòṣì jù fún òun: èyí tó bá rí i, kó san, èyí tí kò bá rí i, òun á san tirẹ̀ mọ́ ti ara òun. Bí wọ́n ṣe pín ara wọn nìyẹn, tí olórí kọ̀ọ̀kan ń ti ojúlé bọ́ sí ojúlé lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ láti gba owó. Ìgbà tí wọ́n dé ojúlé ni ojú wọn tó là. Wọ́n bá ẹnì kan níbi tó ti ń bá ìyàwó rẹ̀ jà, wọ́n bá òmíràn tó ti mutí yó. Wesley rí i pé ohun tí òun ti ń wá látọjọ́ yìí náà nìyí, ọ̀nà láti mọ bí oníkálukú ṣe ń gbé ayé rẹ̀. Ibẹ̀ ni kíláàsì ti wá.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún un kà. Olórí ló ń san fún ẹni tí kò ní.

Èmi ò mọ èyí nígbà tí wọ́n gbé ìwé kíláàsì lé mi lọ́wọ́. Ìwé náà fẹ̀, ó ní ìlà pupa, mo sì fẹ́ràn kó mọ́ tónítóní, nítorí tíṣà ni mí, ojú tíṣà ni mo fi ń wò ó. Ẹni tó bá san, mo kọ iye tó san. Ẹni tí kò bá san, mo fa òdo síwájú orúkọ rẹ̀. Télọ̀ kan wà nínú kíláàsì mi nígbà náà. Òdo rẹ̀ di mẹ́ta, ó di méje, ó di mọ́kànlá. Mo ránṣẹ́ sí i lẹ́ẹ̀mejì pé kó wá san gbèsè rẹ̀. Kò wá. Mo ní ọkàn rẹ̀ ti kúrò lára ìjọ, mo tilẹ̀ fi í gbàdúrà ní gbangba. Ìyàwó mi ló lọ gbé aṣọ tó ti fún un rán, tó wá bá a lórí àpótí ní ẹnu ọ̀nà, tí kò sí máṣíìnì nínú ilé. Ojú rẹ̀ ti ń ṣe bàìbàì láti nǹkan bí ọdún kan, kò lè fi òwú bọ abẹ́rẹ́ lójú mọ́. Ó ta máṣíìnì láti fi jẹun. Ó ní ìtìjú owó kíláàsì ni kò jẹ́ kí òun wá sí ṣọ́ọ̀ṣì. Ẹ̀yin ọmọ mi, láti ilé mi dé tirẹ̀ kò tó ìrìn ìṣẹ́jú mẹ́wàá.

A gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà olójú. Wọ́n rí ojú kan ṣe, ìkejì ti bọ́. Máṣíìnì náà ò ṣeé rà padà mọ́.

Ohun tó ń dùn mí jù ni pé ọ̀nà tí à bá fi gbà á sílẹ̀ ti wà nínú ìtàn wa látọjọ́ pípẹ́. Lọ́dún 1746, Wesley dá owó kan jọ ní London tí tálákà lè yá fi ṣòwò, kó sì dá a padà láàárín oṣù mẹ́ta. Oníbàtà kan, James Lackington, yá pọ́n-ùn 5 nínú irú owó bẹ́ẹ̀, ó fi ra ìwé tà, ó sì di ọ̀kan nínú àwọn olówò ìwé tó tóbi jù ní London. (Ó wá jókòó, ó kọ ìwé tó fi bú àwọn Elétò dáadáa, kó tó ronú pìwà dà. Ẹ fi sọ́kàn, torí ẹni tí ẹ bá ràn lọ́wọ́ lè bú yín.) Ṣé owó máṣíìnì télọ̀ kan tó owó tí a fi yí aga inú ṣọ́ọ̀ṣì padà lọ́dún yẹn? Kò tó o.

Ẹ kúkú wo itòsí wa níhìn-ín. Lọ́dún 1956 ni Dókítà David Morley dé ọsibítù Wesley Guild tiwa. Ó rí i pé ọmọ tí wọ́n ń gbé wá sí ọsibítù, àìsàn ti jẹ ẹ́ tán kí wọ́n tó gbé e dé. Ló bá gba Ìmẹ̀sí-Ilé lọ, ó dá ìtọ́jú àwọn ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún sílẹ̀ níbẹ̀, nọ́ọ̀sì ló sì ń ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ ọ̀hún. Wọ́n ń gbé ọmọ sórí òṣùwọ̀n, wọ́n ń sàmì sórí káàdì, ìyá ọmọ ló sì ń tọ́jú káàdì sílé. Bí ọmọ bá ń dàgbà dáadáa, ìlà á máa gòkè. Bí ìlà bá dúró, wàhálà ń bọ̀ nìyẹn, kódà bí ọmọ náà ṣì ń rẹ́rìn-ín. Irú káàdì yẹn tàn ká ọ̀pọ̀ ilẹ̀ ayé. Ẹ̀gbọ́n ìyá mi kan ní Ìmẹ̀sí fi ti ọmọ rẹ̀ sínú ọ̀rá, ó tì í mọ́ ìsàlẹ̀ àpótí aṣọ títí ọmọ náà fi gbéyàwó.

Mo máa ń ro káàdì yẹn bí mo bá rántí ìwé kíláàsì mi. Òdo mọ́kànlá tí mo fà síwájú orúkọ télọ̀ yẹn, ìlà tó dúró ni. Mo kà á sí gbèsè.

Àwọn ìjọ kan ṣì wà tí wọ́n ń ṣí ìwé owó kíláàsì kí wọ́n tó gbà láti sin òkú. Mo ti jókòó níbi tí opó ti ń tọrọ owó lọ́wọ́ ará àdúgbò láti san gbèsè ọdún mẹ́rin kí wọ́n tó lu agogo fún ọkọ rẹ̀. Ẹ̀yin lẹ máa gba ìjọ yìí lọ́wọ́ wa. Ẹ má gba ìyẹn.

Lórí ìrẹsì yín wàyí. Àwọn ìjọ tó wà nínú sẹ́kíítì wa (àwọn ìjọ Elétò tí wọ́n kó pọ̀ sábẹ́ àbójútó kan), oṣù Kejìlá ni gbogbo wọn ń ṣe ìtọrẹ, ilé ọmọ aláìlóbìí kan náà sì ni wọ́n ń lọ. Ìyá tó ń bójú tó ibẹ̀ sọ fún mi pé ìrẹsì tí wọ́n ń rí gbà nígbà Kérésì, kòkòrò ló ń jẹ apá kan rẹ̀. Nínú oṣù Keje, tí òjò ń rọ̀ tí gbogbo nǹkan gbówó lórí, ẹnikẹ́ni kì í yọjú. Ó ní ẹni tó lè tún ẹ̀rọ omi ṣe ni òun ń wá. Àwọn ọmọ wa tó kọ́ṣẹ́ ẹ̀rọ mélòó ló wà nínú sẹ́kíítì yìí? Ẹ lọ bá àwọn ọ̀dọ́ ìjọ yòókù, kí ẹ pín oṣù láàárín ara yín, kí ẹ sì béèrè ohun tí wọ́n ń fẹ́ kí ẹ tó lọ sọ́jà. Nígbà tí Thomas Birch Freeman, míṣọ́nnárì Elétò, gúnlẹ̀ sí Àgbádárìgì ní ọjọ́ 24 oṣù Kẹsàn-án ọdún 1842, àwọn Sàró tó wà níbẹ̀ (àwọn tó bọ́ lóko ẹrú tí wọ́n padà wálé láti Sierra Leone) ló ti ránṣẹ́ pe ìjọ pé kí wọ́n wá. Wọ́n sọ ohun tí wọ́n ń fẹ́ fúnra wọn.

Ẹ má sì yọ aládùúgbò tó ń kírun sílẹ̀. Ebi kì í béèrè ìwé ìrìbọmi.

Mo ti pín àdúgbò wa sí ojúlé márùn-ún márùn-ún. Ẹni méjì méjì ni kí ẹ máa lọ, kí ẹ lọ jókòó díẹ̀, kí ẹ mu omi bí wọ́n bá fún yín. Bí ẹ bá rí àìní, ẹ sọ fún ìríjú ní kọ̀rọ̀, ẹ má fi í ṣe ìkéde.

Sátidé tó ń bọ̀, agogo mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, ẹ wá bá mi nílé. Ọ̀dọ̀ ìyá oníbẹ́ǹṣì kẹta la ó ti bẹ̀rẹ̀. Èmi náà ò tíì dé ibẹ̀ láti ìgbà tí orúnkún yìí ti dá mi jókòó. Ẹ má gbé kámẹ́rà wá. Kí ọ̀kan nínú yín mú ọ̀pá dání, ajá wà nílé ìyá náà.

Èmi ni bàbá yín nínú ìjọ.