Ẹ ò dárúkọ ẹni tó kọ́ Hakeem

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ o. Nídìí ọkùnrin tó ń ta ìwé ìròyìn ní oríta Ọláìyá ni mo ti ka ohun tí ẹ kọ lọ́sẹ̀ tó kọjá nípa Hakeem Ọlájùwọ́n, ọmọ Èkó tó di ìlúmọ̀ọ́ká nínú bọ́ọ̀lù alájùsáwọ̀n l'Amẹ́ríkà. Owó mi ni mo fi rà á o, n kò sí lára àwọn tó máa ń dúró kà á lọ́fẹ̀ẹ́. Àwọn wọ̀nyẹn ló sì dá àríyànjiyàn sílẹ̀. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó gbé àpò kọ̀ǹpútà kọ́ èjìká ní, "Orí ló bá Hakeem ṣe é. Kóòṣì tó ní ní yunifásítì, òpè ni. Ta ló máa ní Hakeem, tó tún ní Clyde Drexler, ìràwọ̀ mìíràn nínú ẹgbẹ́ kan náà, tí kò ní gba ife ẹ̀yẹ?" Wọ́n bú sẹ́rìn-ín. Kí n tó lanu, ọkọ̀ Òkè-Fìà ti dé, mo sì ti dúró pẹ́ kí n tó rí ọkọ̀ yẹn gan-an. Ẹ jẹ́ kí n wá fèsì níbí, torí ẹ̀yin náà kọ̀wé kún ojú ìwé kan, ẹ ò dárúkọ kóòṣì yẹn.

Guy Lewis lorúkọ rẹ̀. Arp, ìlú kékeré kan ní Texas, ni wọ́n ti bí i ní 1922. Ó gbá bọ́ọ̀lù alájùsáwọ̀n fún Yunifásítì Houston nígbà tí òun fúnra rẹ̀ jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́, ó padà wá ṣe igbákejì kóòṣì níbẹ̀, nígbà tó di 1956, wọ́n fi í ṣe olórí. Ọgbọ̀n ọdún ló lò nípò yẹn. Ó borí nígbà 592, wọ́n nà án nígbà 279. Táwẹ́ẹ̀lì alámì tótòtó, pupa àti funfun, kì í kúrò lọ́wọ́ rẹ̀ tí eré bá ń lọ lọ́wọ́. (Èmi, okùn fèrè ni kì í kúrò lẹ́nu mi, mo máa ń jẹ ẹ́ já. Ìyàwó mi ló máa ń ra òmíràn.)

Ní 1964, nígbà tí ọ̀pọ̀ yunifásítì ìhà gúúsù Amẹ́ríkà kò tíì gba ọmọ aláwọ̀ dúdú sínú ẹgbẹ́ wọn, Lewis mú Elvin Hayes àti Don Chaney wá sí Houston. Lóṣù Kínní 1968, ó gbé eré kúrò nínú gbọ̀ngàn kékeré lọ sí Astrodome, pápá ńlá tí wọ́n kọ́ fún eré mìíràn, ó ní kí UCLA, ẹgbẹ́ yunifásítì kan láti California, wá pàdé òun níbẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹ́tàdínláàádọ́ta ni UCLA ti borí léra léra. Èèyàn 52,693 ló wá wòran. Houston ju 71, UCLA ju 69, Hayes nìkan ju 39. Lóṣù Kẹta, UCLA gbẹ̀san tó dùn wọ́n wọra, 101 sí 69. Eré bọ́ọ̀lù nìyẹn.

Ọ̀rọ̀ Hakeem ló kàn. Ọmọ oníṣòwò sìmẹ́ǹtì l'Ékòó. Háńdíbọ́ọ̀lù ló ń gbá ní Muslim Teachers College, ọwọ́ rẹ̀ kò tíì pẹ́ lára bọ́ọ̀lù alájùsáwọ̀n nígbà tó bọ́ọ́lẹ̀ ní Houston ní 1980. Ọ̀pọ̀ kóòṣì, tí wọ́n bá rí ọmọ tó ga tó báyẹn, ọjọ́ kejì ni wọ́n máa fẹ́ jù ú sínú ìdíje. Ní ti Hakeem, odidi sáà àkọ́kọ́ ló fi jókòó láìgbá eré kankan. Lẹ́yìn sáà kejì, tí ọmọ náà bèèrè ohun tí òun lè ṣe kí òun fi máa pẹ́ lórí pápá, àwọn kóòṣì rẹ̀ ní kí ó máa lọ bá Moses Malone gbá a, ògbóǹtarìgì tó ń gba owó oṣù nígbà náà ní Rockets, ẹgbẹ́ àwọn tó ń fi bọ́ọ̀lù jẹun ní Houston. Ẹ rò ó wò: ẹ mú ọmọ yín fún àgbàlagbà tó máa fi ìgbọ̀nwọ́ tì í ṣubú ní gbogbo ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn. Ohun tí ọmọ yẹn kọ́ lábẹ́ Malone wà lára ohun tó gbé e dé ibi tí ẹ ń yìn ín sí.

Ọ̀dọ́mọkùnrin Ọláìyá, ìwọ ló kù. Àṣekágbá ìdíje àwọn yunifásítì Amẹ́ríkà ní 4 oṣù Kẹrin 1983 lò ń sọ. Àbúrò mi tó wà ní Texas fi kásẹ́ẹ̀tì fídíò eré yẹn ránṣẹ́ sí mi, mo wò ó títí àwòrán rẹ̀ fi ń já. Houston ń ṣíwájú pẹ̀lú 52 sí 46, Lewis ní kí wọ́n fa eré náà lọ́ra. North Carolina State bẹ̀rẹ̀ sí í mọ̀ọ́mọ̀ fọwọ́ kàn wọ́n kí wọ́n lè lọ dúró lójú ìlà ju bọ́ọ̀lù ọ̀fẹ́, bẹ́ẹ̀ ibi tí àwọn ọmọ Lewis kò ti dáńgájíá nìyẹn. Ó di 52 sí 52. Níparí, ẹnì kan ju bọ́ọ̀lù láti ọ̀nà jíjìn, kò dé inú àwọ̀n, Lorenzo Charles sì já a gbà lófuurufú, ó tì í wọlé. 54 sí 52. Lọ́dún kejì, Georgetown tún fi 84 sí 75 nà wọ́n ní àṣekágbá. Ó kù díẹ̀ káàtó lẹ́ẹ̀mejì.

Mo gbà pé ó ṣàṣìṣe. Ara mi sì mọ àṣìṣe yẹn, nítorí èmi náà ṣe é.

Ọdún mẹ́rìnlélógún ni mo fi jẹ́ tíṣà eré ìdárayá ní ilé ẹ̀kọ́ girama kan níbí. Wẹ́dà ojú ọ̀nà Ìkìrun ló bá mi ṣe irin àwọ̀n wa, ọ̀kan sì fi íǹṣì mẹ́rin kúrú ju èkejì lọ. Àwọn ọmọ mi máa ń bẹ̀ mí kí n jẹ́ káwọn máa ju sí èyí tó kúrú. Ṣáájú 1991, nígbà tí a ṣì wà lábẹ́ Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́, a dé àṣekágbá n'Ìbàdàn. A fi márùn-ún ṣíwájú. Mo pariwo pé kí wọ́n mú bọ́ọ̀lù dání, kí wọ́n má sáré mọ́. Ó ku ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀, a ti ń fi ẹyọ kan jìyà, rẹfirí fún ọmọ mi kan ní ìjù méjì. Kò wọlé. Èkejì kò wọlé. Ṣé ọmọ yẹn ni kí n bá wí? Èmi tí n kò jẹ́ kí wọ́n fi ìjù ojú ìlà dánra wò tó, torí kì í wu àwọn ọmọ, kì í sì í wu èmi náà? Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, púríǹsípà ní bọ́ọ̀lù tí kò mú ife wálé, owó sìmẹ́ǹtì la fi ṣòfò.

Ọmọ yẹn ti di kóòṣì fúnra rẹ̀ báyìí. Lọ́dọọdún, tí iṣu tuntun bá dé, á gbé márùn-ún wá fún mi. Igba ìjù ojú ìlà ló ní àwọn ọmọ òun gbọ́dọ̀ ju lóòjọ́ kí wọ́n tó lọ sílé. A kò tíì sọ̀rọ̀ Ìbàdàn rí.

Ní 2013 ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ wá fi Lewis sínú Gbọ̀ngàn Òkìkí wọn, níbi tí wọ́n ti ń bọlá fún àwọn akọni bọ́ọ̀lù alájùsáwọ̀n, ọdún márùn-ún lẹ́yìn tí Hakeem ti wọbẹ̀. Ẹni ọdún mọ́kànléláàádọ́rùn-ún ni nígbà náà. Ó kú ní 2015.

Olóòtú, tí ẹ bá tún máa kọ̀wé nípa Hakeem, ẹ wá ìlà kan péré fún un. Ìwọ alápò kọ̀ǹpútà, àárọ̀ Sátidé ni mo máa ń wá sí Ọláìyá. Lọ́tẹ̀ yìí, n kò ní wọkọ̀ títí a ó fi jiyàn náà tán.

Èmi ni tiyín,
Tíṣà eré ìdárayá tó ti fẹ̀yìn tì,
Òkè-Fìà, Òṣogbo.