Lẹ́tà sí Àdùnní nípa táàbù tó há sórí lógò

Àdùnní ọmọ mi,

Láti ọjọ́ Àìkú la ti ń pè ọ́. Fóònù ń dún, o kò gbé e. Káyọ̀dé tó ń bá mi ṣiṣẹ́ ní ṣọ́ọ̀bù ló ṣẹ̀ṣẹ̀ tú àṣírí fún mi pé táàbù tí mo rà fún ọ kò tàn mọ́, pé ìwọ fúnra rẹ lo lọ gbé ROM, ìyẹn ètò Android tí ẹlòmíràn ṣe, lé e. Mi ò bínú nítorí táàbù. Ó dáa, mo bínú díẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun tí kò jẹ́ kí n sùn ni pé nọ́ńbà kan tí a kò mọ̀ pe màmá rẹ lálẹ́, ó ní ṣé ó mọ Àdùnní. Màmá rẹ ní ọmọ òun ni. Ẹni náà gé ìpè. Mo mọ irú ìpè bẹ́ẹ̀. Báyìí ni àwọn áàpù tó ń yáni lówó ṣe ń bẹ̀rẹ̀, wọ́n á kọ́kọ́ pe ará ilé ẹni, kó tó di pé wọ́n ń fi àwòrán ẹni ránṣẹ́ kiri. Ṣé o ti lọ yá owó nítorí táàbù?

Ẹsẹ̀ ọ̀tún màmá rẹ ṣì ń dùn ún, ìyókù ara rẹ̀ le. Òjò ṣí páànù ilé ìdáná lọ, a ti kan òmíràn.

Káyọ̀dé ní táàbù náà ń gbé lógò Samsung wá, ó ń kú, ó tún ń gbé e wá. Bó bá rí bẹ́ẹ̀, táàbù rẹ kò kú. Èyí tó bá kú kì í mú lógò jáde. Ẹni tó bá wá sọ fún ọ pé bọ́ọ̀dù ti jó, pé kí o mú owó wá, owó rẹ ló rí, kò rí bọ́ọ̀dù kankan. Irú wọn pọ̀ ní ọjà fóònù Queen Cinema níbí, mo ń bá wọn jẹun. Ìkìlọ̀ tó ń kọ sójú pé bootloader, ètò tó ń kọ́kọ́ jí táàbù, ti ṣí náà kì í ṣe àìsàn, tẹ Power, yóò kọjá. Knox, àmì ààbò Samsung tó ń fi hàn pé a ti tú táàbù wò, tó ti di 0x1 kò ní padà sí òdo láéláé, ṣùgbọ́n kì í ṣe òun ni kò jẹ́ kó tàn.

Mo fura pé o kò ṣe Format Data, ìyẹn pípa gbogbo dátà rẹ́ pátápátá. Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí ẹ ó fa ìlà Wipe yẹn sọ́tùn-ún nínú TWRP, ètò tí ẹ fi ń gbé ROM lé e, ẹ ó rò pé ó ti parí. Dátà tí Android àtijọ́ ti tì pa, ROM tuntun kò ní kọ́kọ́rọ́ rẹ̀, ni yóò bá máa yí lójú kan. So táàbù mọ́ láptọ́ọ̀pù, pa á, di Power àti Volume Up mú pọ̀ títí TWRP yóò fi jáde. Wọ Wipe, tẹ Format Data, kọ yes, kí o wá reboot. Lẹ́yìn náà, gbé e kalẹ̀. Títàn àkọ́kọ́ lè gba ìṣẹ́jú 10 sí 15. Mo mọ̀ ọ́, ìwọ tí o máa ń ṣí ìkòkò kí ìrẹsì tó jinná. Má fọwọ́ kàn án.

Bí ìyẹn bá kọ̀, fi fáìlì Samsung dá a padà sí ètò Android ti Samsung fúnra rẹ̀. Yá láptọ́ọ̀pù tó ní Windows lọ́wọ́ ọ̀rẹ́ rẹ. Láptọ́ọ̀pù ni mo ní kí o yá o, kì í ṣe owó. Àti pé bí o bá ti jẹ áàpù kan lówó, mo bẹ̀ ọ́, má yá ti òmíràn fi san án. Sogúndogójì ni gbogbo wọn, kò sí èyí tó sàn nínú wọn.

SM-T510 ni mo rà fún ọ, kì í lo síìmù. T515 ló ń lo síìmù, má gbé fáìlì tiẹ̀ lé e. Nínú orúkọ fáìlì T510, wo àkópọ̀ lẹ́tà àti nọ́ńbà tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú T510, ka láti ìparí rẹ̀ padà sẹ́yìn, èyí tó ṣe ìkarùn-ún ni kí o wò. Kò gbọdọ̀ kéré sí nọ́ńbà tí táàbù ń kọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ SW REV nínú download mode, ojú tó ti ń gba fáìlì, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, yóò kọ̀ ọ́ lójú ẹsẹ̀. Láti wọ download mode, pa á, di Volume méjèèjì mú, kí o wá ki kébù bọ̀ ọ́. Nínú Odin, ètò orí láptọ́ọ̀pù tó ń gbé fáìlì Samsung lé táàbù, fi fáìlì tí orúkọ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú BL sí àyè BL, ti AP sí AP. Fún àyè CSC, fáìlì CSC ni kí o mú, má mú HOME_CSC, nítorí ìyẹn máa ń fi dátà sílẹ̀, dátà yẹn gan-an ló sì ń dà ọ́ láàmú. Àwọn nóòtì rẹ ti lọ láti ọjọ́ tí o ti ṣí bootloader. Pẹ̀lẹ́, ọmọ mi. Bóyá díẹ̀ wà nínú Google Drive.

Ta ló tiẹ̀ ní kí o ṣe irú èyí lọ́sẹ̀ ìdánwò?

Nígbà tí o wà ní JSS, ẹ̀yìn tábìlì mi lo máa ń jókòó sí, tí o ń to ṣúkùrù sínú ìdérí ike, àwọn tó gùn lọ́tọ̀, àwọn tó kúrú lọ́tọ̀. Èmi ni mo lé ọ lọ sílé. Mo ní iṣẹ́ yìí kì í ṣe iṣẹ́ obìnrin, lọ ran màmá rẹ lọ́wọ́. Káyọ̀dé tí mo wá fi sípò rẹ, fíìmù ló ń fi kọ̀ǹpútà ṣọ́ọ̀bù wò. Ká ní mo jẹ́ kí o jókòó ni, ọwọ́ mi lo ò bá ti kọ́ ọ, kì í ṣe lójú fídíò láàrin òru. Ó sì ṣeé ṣe kí ó jẹ́ èmi lo ò bá kọ́kọ́ pè nígbà tó há. Ohùn mi lò ń sá fún, mo mọ̀. Bí owó bá wà lọ́rùn rẹ lóòótọ́, ohùn mi yìí náà ló mú un pẹ́ níbẹ̀.

Mi ò ní pariwo. Màá gbìyànjú.

Káyọ̀dé tó mú lẹ́tà yìí wá mú kébù mi lọ́wọ́, ó wà nínú ọ̀rá dúdú. Mo mọ èyí tí ò ń lò, iná nìkan ló ń gbé, kì í gbé dátà. Bí àpótí ID:COM nínú Odin kò bá yí àwọ̀ pẹ̀lú kébù tèmi, driver Samsung ni kò sí nínú láptọ́ọ̀pù yẹn. Ṣùgbọ́n kí o tó so ohunkóhun mọ́ ohunkóhun, kọ orúkọ áàpù náà àti iye owó rẹ̀ sínú bébà, fún Káyọ̀dé kó mú un bọ̀. Bí kò bá sí owó tí o yá, kọ òdo síbẹ̀. Má fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp, màmá rẹ ń ka tèmi.

Èmi ni,
Bàbá rẹ