Ẹ má fowó ra ohun tó jẹ́ ọ̀fẹ́ fáwọn ọmọ wa

Olóòtú mi ọ̀wọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ kú làálàá ìwé ìròyìn yìí.

Ọ̀rọ̀ họ́lídéè gígùn tó ń bọ̀ ló jẹ́ kí n kọ lẹ́tà yìí. Bí sùkúù bá ti ń múra àtipa báyìí, wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí í lẹ bébà mọ́ gbogbo òpó iná, "Kóódìn fọ́mọdé", "Ẹ jẹ́ kọ́mọ yín dọ̀gá kọ̀ǹpútà", àwọn òbí á sì máa sáré wówó kiri, àwọn míì tiẹ̀ máa ń lọ bẹ alájọ kó fún wọn ní tiwọn kí oṣù tó pé. Tíṣà ìṣirò ni mí, àwọn ọmọ praìmárì àti JSS ni mò ń kọ́, mo sì fẹ́ kí gbogbo òbí tó bá ka lẹ́tà yìí mọ̀ kí wọ́n tó tọwọ́ bàpò pé èyí tó pọ̀ jù nínú ohun tí wọ́n fi ń kọ́ àwọn ọmọ níbẹ̀, ọ̀fẹ́ ni, àwọn tó ṣe é ò tà á fún ẹnikẹ́ni.

Scratch ni wọ́n sábà máa ń lò, áàpù tọ́mọ fi ń kọ́ kóódìn, ìyẹn bí wọ́n ṣe ń to àṣẹ tí kọ̀ǹpútà máa tẹ̀ lé. Àwọn ọ̀mọ̀wé yunifásítì MIT ní Amẹ́ríkà, Mitchel Resnick àtàwọn èèyàn ẹ̀, ló gbé e jáde ní 2007, títí dòní wọn ò gba kọ́bọ̀ lórí ẹ̀. Ọmọ ọdún 8 sí 16 ni wọ́n ṣe é fún. Ọmọ ò ní í máa tẹ ọ̀rọ̀ gbọọrọ, búlọ́ọ̀kù aláwọ̀ oríṣiríṣi ló máa fi máùsì fà, á tò wọ́n léra, ológbò kan tó wà lójú kọ̀ǹpútà á wá máa ṣe ohun tí búlọ́ọ̀kù bá ní kó ṣe. Ẹ sì lè dáùnlóòdù ẹ̀ sórí láptọ́ọ̀pù lẹ́ẹ̀kan péré, lẹ́yìn ìyẹn kò nílò dátà mọ́, kò tún ní í gba pé kọ́mọ máa bá àjèjì fọ̀rọ̀ wérọ̀ níbì kankan.

Ẹ jẹ́ n sọ èyí tó ṣojú mi. Mo ní kí ọmọbìnrin kan ní praìmárì 5 jẹ́ kí ológbò yẹn ya onígun mẹ́rin fún mi. Ó ní kó rìn ní ìṣísẹ̀ 100, kó yí ní dígírì 90, kó ṣe bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹrin, ó yà á. Mo ní ó dáa, ó kan onígun mẹ́ta. Ṣebí ó ti kọ́ ọ ní kílásì pé tí ẹ̀gbẹ́ onígun mẹ́ta bá dọ́gba, 60 ni igun kọ̀ọ̀kan, ló bá fi 60 sí i, lẹ́ẹ̀mẹta, àmọ́ nǹkan tó yọ ò padé, ó ṣí sílẹ̀ gbayawu, àfi bíi pé èèyàn ya onígun mẹ́fà dé ìdajì ó wá fi í sílẹ̀. Ó wojú mi, mi ò fọhùn. Ló bá dìde, ó ń fẹsẹ̀ ara ẹ̀ rìn ín nílẹ̀ kílásì, ó rìn, ó yí, ó rìn, ó yí, ìgbà yẹn ló tó yé e pé igun ìta ni ológbò ń yí, kì í ṣe igun inú, ẹ yọ 60 kúrò nínú 180, ó ku 120. Ó fi 120 sí i, ó padé! Kí n tó lanu ó ti ní tíṣà, tó bá wá jẹ́ onígun márùn-ún ńkọ́, òun fúnra ẹ̀ ló pín 360, ìyẹn gbogbo yíyí tí ológbò máa yí kó tó yí po tán, sọ́nà márùn-ún tó rí 72. Mo ti ń fi ṣọ́ọ̀kì kọ nǹkan yìí sára bọ́ọ̀dù tipẹ́, mi ò rí ọmọ tó béèrè ti onígun márùn-ún lọ́wọ́ mi rí.

Mi ò sọ pé kẹ́ ẹ má sanwó fún tíṣà o. Ẹni tó bá jókòó ti ọmọ yín tó ń ṣe sùúrù fún un, iṣẹ́ ló ṣe, owó iṣẹ́ ẹ̀ tọ́ sí i. Ohun tí mò ń bá jà ni kẹ́nì kan máa díbọ́n pé áàpù yẹn ló gbówó lórí, kó wá tò ó sínú bíìlì lọ́tọ̀, kó tún ta fláàṣì tí Scratch wà nínú ẹ̀ fún òbí tó jẹ́ pé owó ẹ̀wà tó ń tà ló ń kó jọ. Tí wọ́n bá ti gbé irú bíìlì bẹ́ẹ̀ wá, ẹ bi wọ́n léèrè ohun tí ọmọ yín máa lè dá ṣe tí wọ́n bá parí, tí ìdáhùn wọn ò bá ti lórí tí ò nídìí, ẹ mú ọmọ yín kẹ́ ẹ máa bá tiyín lọ.

Àwọn ọ̀fẹ́ míì tún wà. Àwọn tí ò tíì mọ̀wé kà, ScratchJr ni tiwọn, ọmọ ọdún 5 sí 7, àwòrán lásán ló wà lára búlọ́ọ̀kù ẹ̀. GCompris náà wà fún ọmọ ọdún 2 sí 10, ará Faransé kan ló bẹ̀rẹ̀ ẹ̀ ní 2000, ìropọ̀, àyọkúrò, bí wọ́n ṣe ń ka aago, gbogbo ẹ̀ ló wà níbẹ̀ láìsí ìpolówó kankan tó máa já wọ àárín eré ọmọ. Ìjọba àpapọ̀ àti UNICEF náà gbé Nigeria Learning Passport jáde ní 2022, ìyẹn bá sílábọ́ọ̀sì tiwa mu. Ṣùgbọ́n tó bá di ìṣirò gangan, ìkànnì ẹ̀kọ́ Khan Academy ni mo fẹ́ràn jù. Ọmọ ẹbí Salman Khan tó dá a sílẹ̀ kan ni ìṣirò ń yọ lẹ́nu ní 2004, ọmọ náà wà ní New Orleans, Khan wà ní Boston, ló bá ń kọ́ ọ láti ọ̀nà jíjìn, àwọn ẹbí tó kù gbọ́, wọ́n ń pọ̀ sí i, nígbà tó di 2006 ó kúkú bẹ̀rẹ̀ sí í gbé fídíò ẹ̀ sórí YouTube. Ohun tó jẹ́ kí n fẹ́ràn ẹ̀ ni pé ọmọ JSS 2 tí ìdá mẹ́ta àti ìdá mẹ́rin ṣì ń dà láàmú lè padà lọ bẹ̀rẹ̀ láti ti praìmárì, kó ṣe é, kó kùnà, kó tún un ṣe, ẹnikẹ́ni ò ní í fi í ṣe yẹ̀yẹ́.

Mo mọ̀ pé ẹ fẹ́ sọ pé dátà ńkọ́. Òótọ́ ni, fídíò máa ń jẹ dátà gan-an, láti January 2025 tí NCC, àjọ ìjọba tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ fóònù, sì ti gbà káwọn iléeṣẹ́ fóònù fowó kún owó wọn títí dé ìdá 50 nínú 100, gbogbo wa là ń fura ká tó tan dátà. Ibí yìí gan-an lọ̀rọ̀ mi ń lọ. Áàpù ẹ̀kọ́ kan wà tó ń jẹ́ Kolibri, àjọ Learning Equality ló ṣe é, ọ̀fẹ́ lòun náà. Ẹ ó gbé láptọ́ọ̀pù kan lọ síbi tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ti dáa, ẹ ó dáùnlóòdù Kolibri àti àwọn ẹ̀kọ́ Khan Academy tẹ́ ẹ bá fẹ́ (ẹ má kó gbogbo ẹ̀ o, ó tóbi, ẹ mú ti kílásì yín), ẹ ó gbé e padà sí sùkúù. Tẹ́ ẹ bá ti tan Wáì-fáì síbẹ̀, fóònù àti táblẹ́ẹ̀tì tó bá wà nítòsí á máa ka ẹ̀kọ́ láti ara láptọ́ọ̀pù yẹn, kò ní í jẹ dátà ẹnikẹ́ni, bí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá sì lọ lọ́sẹ̀ méjì kò kàn yín. Sùkúù kejì lè fi fláàṣì wá gbà á lọ́dọ̀ yín. Ojú ìwé Kolibri fúnra ẹ̀ tiẹ̀ ṣeé yí sí Yorùbá.

Àwọn fídíò inú ẹ̀ ni wọ́n ṣì jẹ́ òyìnbó, iṣẹ́ wa sì nìyẹn, àwa tíṣà àti òbí. Ẹ dá fídíò dúró kẹ́ ẹ ṣàlàyé. Tí wọ́n bá ní kí ọmọ ro 19 pọ̀ mọ́ 17, mo máa ń ní kó pè é ní Yorùbá, ọ̀kàndínlógún àti mẹ́tàdínlógún, ogún méjì nìyẹn, ó dín ọ̀kan, ó tún dín mẹ́ta, 40 dín 4, 36 ló dé yẹn, kò lo bírò. Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa àtàwọn ẹlẹgbẹ́ ẹ̀ bẹ̀rẹ̀ irú iṣẹ́ yìí ní Ilé-Ifẹ̀ ní 1970, wọ́n fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ praìmárì ní gbogbo iṣẹ́ yàtọ̀ sí òyìnbó fún ọdún mẹ́fà, ìṣirò pẹ̀lú, àwọn ọmọ yẹn sì ṣe dáadáa ju àwọn tí wọ́n tètè fi òyìnbó kọ́. Ó ká mi lára pé a ní irú ẹ̀rí yẹn nílẹ̀ tá a ṣì ń na ọmọ tó bá sọ Yorùbá ní kílásì.

Ẹ̀bẹ̀ mi rèé. Ẹ̀yin ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́jáde tẹ́ ẹ máa ń kun gẹ́ètì sùkúù lọ́dọọdún, lọ́dún yìí ẹ ra láptọ́ọ̀pù kan àti sólà kékeré tó máa gbé e. Ẹ̀yin ọmọ wa ní London àti Houston, láptọ́ọ̀pù tẹ́ ẹ gbé tì sínú kọ́ńbọ́ọ̀dù yẹn, Kolibri á ṣiṣẹ́ lórí ẹ̀. Ẹ̀yin SUBEB ìpínlẹ̀ wa, ẹ kọ́ tíṣà kan ní sùkúù kọ̀ọ̀kan bí wọ́n ṣe ń tò ó, iṣẹ́ ọ̀sán kan ni.

Olóòtú, tiyín ni pé kẹ́ ẹ fún wa ní igun kékeré kan lójú ìwé yín lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ títí họ́lídéè á fi parí, èmi á máa kọ ọ́ láìgbowó. Ti àkọ́kọ́ ti wà nílẹ̀, kò nílò kọ̀ǹpútà rárá, ohun tí àwọn ará Yunifásítì Canterbury ní New Zealand fi ń kọ́ ọmọdé bí kọ̀ǹpútà ṣe ń ka nọ́ńbà ni. Kí àwọn ọmọ gé páálí márùn-ún, kí wọ́n kọ 16, 8, 4, 2 àti 1 sí i lójú. Kí wọ́n ṣí àwọn kan, kí wọ́n da àwọn kan délẹ̀, kí èyí tó ṣí jẹ́ 21. Tí wọ́n bá ti rí i, kí wọ́n wá nọ́ńbà láti 0 dé 31 tí kò ní í ṣeé gbé jáde, kí wọ́n sì sọ ìdí ẹ̀ tí wọn ò bá rí i.

Èmi ni tiyín,
Tíṣà ìṣirò kan, Òṣogbo.