Orúkọ ta ló wà nínú ìwé-àṣẹ yẹn?

Olóòtú ọ̀wọ́n,

Ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn. Òǹkàwé yín kan béèrè bí òun ṣe lè dá ilé-iṣẹ́ kirípítò tó ní ìwé-àṣẹ ilẹ̀ Yúróòpù mọ̀, ẹ sì dá a lóhùn pé kó wò ó bóyá wọ́n kọ MiCA, orúkọ òfin kirípítò ilẹ̀ Yúróòpù, sí ìsàlẹ̀ ìkànnì wọn. Ìdáhùn yẹn ò tó. Ẹnikẹ́ni tó bá ní kọ̀ǹpútà lè kọ MiCA síbẹ̀, kó tún fi àsíá oníràwọ̀ 12 gbè é lẹ́sẹ̀. Ohun tó yẹ kí ẹni tó fẹ́ fi owó rẹ̀ sílẹ̀ mọ̀ ni ilé-iṣẹ́ tí wọ́n fún láṣẹ gan-an, iṣẹ́ tí wọ́n ní kó máa ṣe, àti orílẹ̀-èdè tó ti lè ṣe é.

MiCA ni òfin Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù tí nọ́ńbà rẹ̀ jẹ́ 2023/1114. Apá tó kan àwọn tó ń ta kirípítò, tó ń pààrọ̀ rẹ̀ tàbí tó ń bá èèyàn pa á mọ́ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ 30 oṣù Kejìlá ọdún 2024. Wọ́n fi àyè díẹ̀ sílẹ̀ fún àwọn tó ti wà lẹ́nu iṣẹ́ náà tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n àyè ọ̀hún kò lè kọjá ọjọ́ 1 oṣù Keje ọdún 2026, àwọn orílẹ̀-èdè kan sì tún gé e kúrú: oṣù mẹ́fà péré ni Netherlands fún wọn, Jámánì fún wọn ní oṣù méjìlá. Ẹni tó bá ń sọ fún yín pé "a ti kọ̀wé béèrè, ó máa jáde láìpẹ́" kò tíì ní nǹkan kan lọ́wọ́.

Ọ̀dọ̀ ESMA ni wọ́n ti ń wádìí, ìyẹn àjọ tó ń bójú tó ọjà ìdókòwò ní Yúróòpù, tí ọ́fíìsì rẹ̀ wà ní Paris. Ẹ fi ọwọ́ ara yín tẹ esma.europa.eu. Ẹ má ṣe gba líǹkì lọ́wọ́ ẹni tó ń polówó, torí ẹni tó lè ṣe ayédèrú ìwé-àṣẹ lè ṣe ayédèrú ìkànnì àjọ tó fún un ní ìwé-àṣẹ. Ẹ wá ìwé àkọsílẹ̀ MiCA níbẹ̀. Fáìlì CSV, ìyẹn tábìlì tí Excel lè ṣí, márùn-ún ni, ọ̀fẹ́ sì ni. Èyí tó jẹ́ ti àwọn olùpèsè iṣẹ́ kirípítò tó ti gba àṣẹ lẹ ń wá. Méjì jẹ́ ti àwọn tó ń dá owó kirípítò tí iye rẹ̀ so mọ́ owó tàbí dúkìá mìíràn sílẹ̀, ọ̀kan jẹ́ ti àwọn white paper, ìyẹn ìwé àlàyé tí wọ́n ń kọ nípa kọ́ìnì kan, ọ̀kan tó kù sì jẹ́ ti àwọn tí wọ́n mú pé wọ́n ń ṣiṣẹ́ láìgbàṣẹ. Ẹ má gbára lé ìkẹyìn yìí. Pé orúkọ kan kò sí nínú rẹ̀ kò sọ ọ́ di ẹni rere. Ó lè jẹ́ pé ọwọ́ kò tíì tẹ̀ ẹ́ ni.

Bí ẹ bá fi Excel ṣí fáìlì náà tí gbogbo ọ̀rọ̀ dì pọ̀ sínú òpó kan ṣoṣo, kò bàjẹ́. Kọ́mà ni wọ́n fi ya ọ̀rọ̀ sọ́tọ̀ nínú rẹ̀, sẹmikólọ̀nì sì ni ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà tí wọ́n ṣètò fún ilẹ̀ Yúróòpù ń retí. Ẹ gbé e wọlé láti abẹ́ Data, kí ẹ yan kọ́mà, kí ẹ sì yan UTF-8 kí àwọn lẹ́tà olámì inú orúkọ má baà di wúruwùru.

Lẹ́yìn náà, ẹ má fi orúkọ tó wà lára áàpù wá a. Orúkọ ọjà lọ́tọ̀, orúkọ tí ilé-iṣẹ́ ń jẹ́ lábẹ́ òfin lọ́tọ̀. Àdírẹ́sì ìkànnì ni kí ẹ fi wá a, láìfi www kún un. Bó bá jáde, ẹ kà á lẹ́tà kọ̀ọ̀kan: àwọn gbájú-ẹ̀ máa ń fi òdo sí ipò lẹ́tà o, wọ́n á fi l kékeré sí ipò I ńlá, tàbí kí ti olóòótọ́ parí sí .eu kí tiwọn parí sí .com. Èyí tó burú jù nínú iṣẹ́ wọn ni pé wọ́n ń jí orúkọ, àdírẹ́sì ọ́fíìsì àti nọ́ńbà ìwé-àṣẹ ilé-iṣẹ́ tó wà lóòótọ́. Gbogbo rẹ̀ á bá ara mu nígbà tí ẹ bá yẹ̀ ẹ́ wò, àfi ìkànnì tí ẹ fẹ́ fi owó sí. Bí ìkànnì náà kò bá sí lórí ìlà ilé-iṣẹ́ yẹn, ẹ kọjá sí ọ̀dọ̀ àjọ orílẹ̀-èdè tó fún un láṣẹ, irú bíi Central Bank of Ireland, BaFin ní Jámánì, AMF ní Faransé, MFSA ní Malta tàbí CySEC ní Cyprus, kí ẹ wò ó nínú àkọsílẹ̀ tiwọn náà.

Lórí ìlà kan náà lẹ ó ti rí LEI, nọ́ńbà ìdánimọ̀ tó jẹ́ àpapọ̀ lẹ́tà àti nọ́ńbà 20. Ilé-iṣẹ́ méjì kì í pín LEI kan lò. Ẹ wo ọjọ́ tí wọ́n fún un láṣẹ, kí ẹ sì wo òpó tí wọ́n ń kọ ọjọ́ tí àṣẹ parí sí. Ọ̀pọ̀ èèyàn kì í wo òpó yìí, bẹ́ẹ̀ orúkọ ẹni tí àṣẹ rẹ̀ ti tán ṣì lè wà nínú fáìlì.

Iṣẹ́ mẹ́wàá ni òfin náà kà sílẹ̀, láti a dé j. Lẹ́tà a ni pípa kirípítò mọ́ fún oníbàárà, b ni ṣíṣí ọjà tí àwọn èèyàn ti ń rà tí wọ́n ń tà, c ni pípààrọ̀ kirípítò sí owó gidi, h ni ìmọ̀ràn, j ni fífi kirípítò ránṣẹ́. Ilé-iṣẹ́ tí h nìkan wà níwájú orúkọ rẹ̀ kò láṣẹ láti gba kirípítò yín pa mọ́, bó ti wù kí ìwé-àṣẹ rẹ̀ dán tó. Owó ìpìlẹ̀ tí òfin béèrè pàápàá yàtọ̀: ó kéré tán 50,000 yúrò fún olùgbani-nímọ̀ràn, 125,000 fún ẹni tó ń pa á mọ́ tàbí tó ń pààrọ̀ rẹ̀, 150,000 fún ẹni tó ṣí ọjà. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ iṣẹ́ náà ni lẹ́tà méjì-méjì àwọn orílẹ̀-èdè tó ti lè ṣe é wà. Ẹni tó ń gbé ní Dublin, tó sì ń bá ilé-iṣẹ́ Malta ṣòwò, gbọ́dọ̀ rí IE, lẹ́tà méjì ti Ireland, níbẹ̀.

Ibi tí wọ́n ti ń mú àwọn èèyàn wa jù lọ nìyí. Ilé-iṣẹ́ ńlá kan lè ní ilé-iṣẹ́ ọmọ kan ní Yúróòpù tó ní ìwé-àṣẹ, kó ní òmíràn ní erékùṣù kan tí kò ní, kí àwọn méjèèjì sì máa lo áàpù kan náà àti àmì kan náà. Amúkùn-ún, ẹrù ẹ wọ́. Ó ní ìsàlẹ̀ ló ti wọ́ wá. Ẹ lọ sí ìsàlẹ̀ ìkànnì, ẹ ṣí ìwé àdéhùn, kí ẹ wá gbólóhùn tó sọ ilé-iṣẹ́ tí ẹ̀ ń bá ṣe àdéhùn. Orúkọ yẹn ni kó wà nínú fáìlì ESMA. Ẹni tó ṣí àkáǹtì láti Ìbàdàn tàbí Cotonou kì í sábà jẹ́ oníbàárà ilé-iṣẹ́ ọmọ ti Yúróòpù, nítorí náà MiCA kò dáàbò bò ó. Ní Nàìjíríà, àkọsílẹ̀ SEC, àjọ tó ń bójú tó ọjà ìdókòwò níbẹ̀, ní Abuja ló yẹ kó wò, torí òfin ìdókòwò (ISA) ọdún 2025 ti fi dúkìá orí íntánẹ́ẹ̀tì sábẹ́ wọn. Ará London náà, FCA, irú àjọ bẹ́ẹ̀ ní Gẹ̀ẹ́sì, ni tirẹ̀. MiCA kò dé Gẹ̀ẹ́sì.

Irọ́ mẹ́ta kan wà tó gbayì lórí Telegram. Àkọ́kọ́ ni "kọ́ìnì wa wà lọ́dọ̀ ESMA." Fáìlì white paper ni wọ́n ń tọ́ka sí, bẹ́ẹ̀ òfin fúnra rẹ̀ pọn ọ́n ní dandan kí irú ìwé bẹ́ẹ̀ sọ pé kò sí àjọ kankan ní Yúróòpù tó fọwọ́ sí i. Èkejì ni kí wọ́n máa fi ìwé ìforúkọsílẹ̀ VASP (olùpèsè iṣẹ́ kirípítò) ti Poland, Lithuania tàbí Estonia láyé àtijọ́ hàn bí ìwé-àṣẹ. Ti ìdènà owó ìdọ̀tí lásán ni púpọ̀ nínú rẹ̀, kì í ṣe ìwé-àṣẹ MiCA. Ẹ̀kẹta ni pé "ìwọ lo wá bá wa, a ò nílò àṣẹ." Lóòótọ́ òfin gba oníbàárà láyè kó fúnra rẹ̀ lọ bá ilé-iṣẹ́ òkèèrè, ṣùgbọ́n bí ilé-iṣẹ́ náà bá ti polówó, tàbí tó ń sanwó fún ọmọkùnrin kan lórí WhatsApp láti máa pín líǹkì kiri, àwáwí yẹn ti já.

Àmì kan ṣì wà tí àwa tá a fẹ́ràn USDT, owó kirípítò tí ilé-iṣẹ́ Tether dá sílẹ̀, tí iye rẹ̀ so mọ́ dọ́là, lè lò. Ní oṣù Kìíní ọdún 2025, ESMA ní kí àwọn olùpèsè iṣẹ́ jáwọ́ nínú títa owó kirípítò irú èyí tí ẹni tó dá a sílẹ̀ kò gba àṣẹ, kí wọ́n sì parí rẹ̀ kó tó di òpin oṣù Kẹta. Tether kò gba àṣẹ náà, àwọn ọjà ńlá bíi Coinbase, Kraken àti Binance sì yọ USDT kúrò nínú ohun tí oníbàárà Yúróòpù lè rà lọ́dọ̀ wọn. Bí ilé-iṣẹ́ kan bá ń pariwo MiCA fún ẹni tó ń gbé ní Jámánì, tó tún ń rọ̀ ọ́ pé kó wá ra USDT, ẹ padà sínú fáìlì kí ẹ tún orúkọ yẹn wò dáadáa.

Kódà bí gbogbo rẹ̀ bá pé, ẹ rántí pé kirípítò kò sí lábẹ́ owó ìdáàbòbò tó ń san owó padà fún oníbàárà báńkì tó bá wọgbá. Ìwé-àṣẹ kò sì dé orí ọjà mìíràn tí ilé-iṣẹ́ kan náà ń tà lórí áàpù kan náà, irú bíi yíyáni ní kirípítò, tí MiCA kò bójú tó. ESMA tìkára wọn kìlọ̀ nípa èyí ní oṣù Keje ọdún 2025.

Ẹ̀bẹ̀ kan ni mo ní sí yín, Olóòtú. Kí ẹ tó gba ìpolówó ilé-iṣẹ́ kirípítò tó ń dárúkọ Yúróòpù, ẹ béèrè LEI rẹ̀ àti orúkọ tó ń jẹ́ lábẹ́ òfin, kí ẹ tẹ méjèèjì sí ìsàlẹ̀ ìpolówó náà. Ẹni tó ní i kò ní pẹ́ ìṣẹ́jú márùn-ún kó tó fi ránṣẹ́.

Èmi ni tiyín nítòótọ́,
Òǹkàwé yín ní Dublin