Ẹ Wo Ilé Kí Ẹ Tó Sọ Àwókù Rẹ̀ Lórúkọ

Olóòtú ọ̀wọ́n,

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fún mi láyè díẹ̀ nínú ìwé ìròyìn yín, nítorí inú ń bí mi. Ní ọjọ́ Ẹtì tó kọjá, àwa onílé àdúgbò wa létí odò Ọ̀nà, n'Íbàdàn níbí, dáwó jọ, a ra tíípà mẹ́ta àfọ́kù blọ́ọ̀kù láti fi dí kòtò tí òjò gbẹ́ sójú ọ̀nà wa. Onítíípà ní òkúta pọ́ńbélé ni. Nígbà tó dà á sílẹ̀ tán, mo rí blọ́ọ̀kù, mo rí táìlì, ìyẹn dára. Mo rí POP, mo rí ọ̀rá, mo rí ẹsẹ̀ tábìlì. Lẹ́yìn náà ni mo rí èyí tó mú mi dìde lórí àga: sílíìnì asbẹ́sítọ́ọ̀sì àtijọ́, tí katapílà ti rún wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́. Kí n tó débẹ̀, àwọn ọmọ ilé kejì ti ṣa nínú rẹ̀, wọ́n ti ń fi kọ ABD sára ògiri bí ẹni ń fi ṣọ́ọ̀kì kọ ọ́.

Ọdún mọ́kàndínlógójì ni mo fi ṣe bíríkìlà kí n tó jáwọ́. Mo mọ sílíìnì yẹn bí mo ṣe mọ orúkọ mi. Èmi náà kàn án mọ́ àjà ọ̀pọ̀ ilé nígbà tí a ò tíì mọ̀ pé ewu ń bẹ lára rẹ̀. Àwọn ilé ìgbà náà ni wọ́n ń wó báyìí káàkiri Ìbàdàn láti fi kọ́ ṣọ́ọ̀bù, àwókù wọn ni wọ́n sì ń tà fún wa.

Mo gba ọ́fíìsì tó yẹ kí n gbà lọ. Mi ò ní dárúkọ rẹ̀, nítorí ìwà kan náà ló wà ní gbogbo wọn. Ọ̀dọ́mọkùnrin tó jókòó síbẹ̀ kò gbójú kúrò lára fóònù rẹ̀. Ó ní, "Bàbá, ṣebí òkúta ni gbogbo ẹ̀? Ẹ jẹ́ kí wọ́n tẹ́ ẹ."

Òkúta ni gbogbo ẹ̀! Bó bá ṣe báyìí ni, omi ni oró ejò.

Lóòótọ́, inú ilẹ̀ ni wọ́n ti ń wa asbẹ́sítọ́ọ̀sì, sìmẹ́ǹtì ni wọ́n sì pò ó mọ́. Tó bá wà lódindi lókè àjà, tí ẹnikẹ́ni ò fọwọ́ kàn án, ewu rẹ̀ kò pọ̀. Ìgbà tí wọ́n bá fọ́ ọ ni ọ̀rọ̀ di ọ̀rọ̀. Fọ́nrán tín-ín-rín tí ojú kò rí á gbéra sínú afẹ́fẹ́, èèyàn á fà á símú, á wọnú ẹ̀dọ̀fóró lọ, á sì dúró síbẹ̀. Ó lè tó 20 ọdún, ó lè tó 40, kí àìsàn rẹ̀ tó yọjú, jẹjẹrẹ sì wà lára àìsàn ọ̀hún. Láti 1999 ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì ti fòfin dè é pátápátá. POP náà kò ṣe é fojú òkúta wò. Tí wọ́n bá sin ín pọ̀ mọ́ ìdọ̀tí oúnjẹ nílẹ̀ tó rin, gáàsì tó ń rùn bí ẹyin tó ti bàjẹ́ ló máa ń jáde, gáàsì ọ̀hún sì lè pa èèyàn níbi tí afẹ́fẹ́ kò bá sí.

Ọmọ àbúrò mi kan ń wa ọkọ̀ tó ń kó àwókù ilé ní Manchester. Ó ní lọ́dọ̀ tàwọn, ẹrù kì í rìn láìsí ìwé, nọ́ńbà mẹ́fà sì gbọ́dọ̀ wà lórí ìwé náà. Kọnkéré nìkan, 17 01 01. Kọnkéré, bíríkì àti táìlì tó dàpọ̀ láìsí nǹkan olóró, 17 01 07. Ohun ìkọ́lé tó ní asbẹ́sítọ́ọ̀sì, 17 06 05, wọ́n á sì fi àmì ìràwọ̀ sí i lára pé ewu ni. Kódà tí ẹ̀rọ bá ti lọ̀ ọ́ tó sì ti sẹ́ ẹ, yanrìn àti òkúta tó jáde tún ní nọ́ńbà tirẹ̀, 19 12 09.

Ṣé ọ̀bàyéjẹ́ kò sí níbẹ̀ ni? Wọ́n pọ̀ bí eṣú. Ní oṣù kẹrin 2025, owó orí tí ìjọba gbé lé tọ́ọ̀nù kan òkúta tí wọ́n bá fẹ́ sin jẹ́ pọ́n-ùn 4.05, ti ìdọ̀tí yòókù jẹ́ pọ́n-ùn 126.15. Ta ni kò ní fẹ́ pe pàǹtírí ní òkúta? Ìdí nìyí tí wọ́n fi ń bu díẹ̀ nínú kúnna tó jáde lábẹ́ asẹ́, wọ́n á wọ̀n ọ́n, wọ́n á sun ún níná, wọ́n á tún un wọ̀n. Bí ohun tó jóná nínú rẹ̀ bá ju 10 lọ nínú 100, wọ́n á ní kò tó òkúta í pè, kó lọ san owó ńlá.

Mi ò ní kí wọ́n kó gbogbo nọ́ńbà yẹn wá sí Ìbàdàn. Ta ni yóò kà á?

Ilé là á wò ká tó sọmọ lórúkọ, ohun tí mo sì ń bẹ̀bẹ̀ fún náà nìyẹn. Kí katapílà tó wọlé, kí wolé-wolé ti wọlé. Wolé-wolé ìgbà èwe wa máa ń tẹjú mọ́ inú ìkòkò omi ìyá wa bóyá tanwíjí wà níbẹ̀. Tayé òde òní, kó gbójú sókè wo àjà. Tó bá rí asbẹ́sítọ́ọ̀sì, kó má fọwọ́ síwèé fún ẹnikẹ́ni láti wó ilé náà títí wọn yóò fi tú u. Kí wọ́n kọ́kọ́ wọ́n omi sí i kí eruku má baà gbéra, kí àwọn tó ń tú u bomú, kí wọ́n yọ ìṣó rẹ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, kí wọ́n sọ ọ́ kalẹ̀ lódindi. Kò gbọdọ̀ sí pé à ń fi òòlù lù ú. Kí wọ́n fi ọ̀rá tó nípọn wé e lẹ́ẹ̀mejì, kí wọ́n fi ọ̀dà pupa kọ orúkọ rẹ̀ sí i, kí wọ́n gbé e lọ lọ́tọ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, igi, ọ̀rá àti POP. Ìgbà náà ni kí katapílà tó wọlé, ohun tó bá sì wó kalẹ̀ á jẹ́ òkúta tòótọ́, tí èmi náà lè fowó rà láìbẹ̀rù. Kí wọ́n kọ àdírẹ́sì ilé tí wọ́n wó sórí ìwé pélébé kan, kí onítíípà mú un lọ́wọ́, kí ẹni tó rà á gbà á.

Wọ́n á ní ó ṣòro. Ẹ wo irin. Kò sí ilé tí wọ́n wó ní Ìbàdàn tí àwọn ọmọ kan kì í fa irin inú kọnkéré rẹ̀ yọ kí ilẹ̀ tó ṣú. Kò sẹ́ni tó kọ́ wọn, kò sì sẹ́ni tó ń ṣi irin pè ní òkúta, nítorí owó wà níbẹ̀. Onílé tó lówó àtikọ́ ṣọ́ọ̀bù alájà mẹ́ta kò ṣàìní owó omi àti ọ̀rá.

Ní ti Àwótàn, Lápítẹ̀, Àbà Ẹ̀kú àti Àjàkáńgà, kí ìjọba ya igun kan sọ́tọ̀ ní ààtàn kọ̀ọ̀kan fún asbẹ́sítọ́ọ̀sì tí wọ́n bá wé lọ́ràá. Kí ẹgbẹ́ onítíípà bá àwọn ọmọ ẹgbẹ́ wọn wí. Àwọn tó sì ń da àwókù sódò lóru, lẹ́yìn tí a ti rí Ògùnpa ní 1980, tí a tún rí omíyalé 2011, ẹ̀wọ̀n ló tọ́ sí wọn.

Òkìtì náà ṣì wà lójú ọ̀nà wa bí mo ṣe ń kọ lẹ́tà yìí. Mo ti bu omi sí i, mo ti fi tapólì bò ó. Mo pe onítíípà, ó ní òkúta lòun tà fún wa, òun ò sì mọ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Àwọn onílé ẹlẹgbẹ́ mi ní kí n yé da àdúgbò láàmú, kí n ká tapólì kúrò kí wọ́n tẹ́ ẹ, torí owó àwọn náà ló wà níbẹ̀, òjò sì ti ń ṣú.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Bàbá Bíríkìlà, Ìbàdàn