Màmá mi ń fẹsẹ̀ rìn, ọkọ̀ ń bá wọn lọ

Olóòtú wa, ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ kú àìsinmi.

Lẹ́tà tí bàbá àgbàlagbà kan kọ sí yín ló jẹ́ kí n gbé fóònù mi kí n bẹ̀rẹ̀ sí tẹ èyí. Bàbá tó ní òun wá kí ọmọ òun ní ìlú òyìnbó, oṣù mẹ́fà gbáko ni wọ́n fún òun ní físà, inú ilé lòun sì wà láti àárọ̀ dalẹ́, ọmọ ti lọ síbi iṣẹ́, àwọn ọmọọmọ ti lọ síléèwé, òun àti tẹlifíṣọ̀n ló kù, bàbá ní àhámọ́ ni. Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí wọra torí mo mọ̀ ọ́n dáadáa. Manchester ni mò ń gbé, iṣẹ́ ìtọ́jú àwọn arúgbó ni mò ń ṣe, ìyá tèmi náà sì wá láti Ẹ̀pẹ́ lọ́dún méjì sẹ́yìn. Ìyá oníyàá ni mò ń di lọ́wọ́ mú yí ọgbà ká láàárọ̀, tí mo bá fi máa padà délé, ìyá tó bí mi ti sùn lọ síwájú tẹlifíṣọ̀n, ẹsẹ̀ wọn á ti wú.

Kì í ṣe pé a ò fẹ́ mú wọn jáde. Orúnkún ni wàhálà wọn. Wọ́n lè rìn dáadáa fún bí ogún ìṣẹ́jú, tó bá ti kọjá bẹ́ẹ̀ wọ́n gbọ́dọ̀ jókòó. A kọ́kọ́ bá ẹgbẹ́ kan tí mi ò ní dárúkọ lọ rìn lórí òkè, wọ́n ní ìrìn fẹ́ẹ́rẹ́ ni, tọmọdé tàgbà ló lè rìn ín. A ò tíì rìn jìnnà tí orúnkún fi yarí, ẹni tó ń darí wa wá ní kí ẹni tí ò bá lè gòkè padà síbi tí a páàkì mọ́tò sí kó lọ dúró. Mo ní kí n bá wọn padà, wọ́n kọ̀, wọ́n ní kí n máa bá àwọn ọmọ lọ. Wákàtí mẹ́ta ni màmá mi fi dá jókòó sínú mọ́tò. Nígbà tí a dé wọ́n kí wa kú ìrìn, wọ́n tiẹ̀ rẹ́rìn-ín músẹ́, ṣùgbọ́n mo rí ojú wọn, mi ò sì lè gbàgbé ojú yẹn títí dòní.

Aládùúgbò wa kan ló sọ̀rọ̀ kánáàlì fún mi. Mo mọ̀ pé tí ọmọ Èkó bá gbọ́ kánáàlì, gọ́tà ńlá tó kún fún ike àti ìdọ̀tí ló máa sọ sí i lọ́kàn, èmi náà nìyẹn. Ti ibí yàtọ̀ pátápátá. Odò tí wọ́n fọwọ́ gbẹ́ ni, kí rélùwéè tó dé ibẹ̀ ni wọ́n ń gbé èédú, irin àti òkúta gbà, ẹṣin ló sì ń fi okùn fa ọkọ̀ nígbà náà, torí náà wọ́n ṣe ọ̀nà fún ẹṣin lẹ́gbẹ̀ẹ́ omi. Ẹṣin ti lọ, ẹ́ńjìnnì ti dé, ṣùgbọ́n ọ̀nà yẹn ṣì wà níbẹ̀, towpath ni wọ́n ń pè é, pẹrẹsẹ ló rí torí omi kì í gun òkè, ẹnikẹ́ni ló sì lè gbà á. Ohun tí mo fẹ́ kí bàbá yẹn gbọ́ gan-an nìyí: ọkọ̀ tí wọ́n ń pè ní narrowboat ò gbọ́dọ̀ sáré ju máìlì mẹ́rin láàárín wákàtí kan lọ, bí èèyàn ṣe ń rìn ló ṣe ń lọ, nítorí náà ẹni tó bá fẹ́ rìn á bọ́ sílẹ̀, ẹni tó bá rẹ̀ á jókòó sínú ọkọ̀, ẹ jọ ń lọ, ẹ jọ ń sọ̀rọ̀, ẹ jọ máa dé.

Kánáàlì Llangollen la lọ, láti Ellesmere ní England wọ Wales, ọjọ́ márùn-ún la fi lọ la fi bọ̀. Èmi, bàbá ìbejì, àwọn ìbejì tó jẹ́ ọmọ ọdún mọ́kànlá, àti màmá. Ọkọ̀ náà gùn bíi mọ́tò méjì ọlọ́pọ̀ èrò tí wọ́n tò tẹ̀lé ara wọn, ṣùgbọ́n ó tẹ́ẹ́rẹ́, fífẹ̀ rẹ̀ ò tó ẹsẹ̀ bàtà méje, bẹ́ẹ̀ ó ní ibùsùn, kíṣìnnì onígáàsì, ilé ìyàgbẹ́ àti ibi ìwẹ̀. Ẹ ò nílò láísẹ́ńsì láti wà á. Igi ọwọ́ kan ló wà lẹ́yìn tí wọ́n fi ń darí ẹ̀, tí ẹ bá tì í sọ́wọ́ òsì, ọ̀tún ni ọkọ̀ ń kọrí sí, ní ọjọ́ àkọ́kọ́ inú koríko ni bàbá ìbejì ń wa wa lọ ṣáá, nígbà tó fi máa di ọjọ́ kejì ọwọ́ ẹ̀ ti mọ̀ ọ́n.

Màmá mi ò bẹ̀rù omi rárá, ọmọ Ẹ̀pẹ́ ni wọ́n. Wọ́n jókòó síwájú ọkọ̀ níbẹ̀ tí wọ́n ń sọ fún àwọn ìbejì bí ìyá ìyá àwọn ṣe ń gba orí ọ̀sà lọ sọ́jà Èjìnrìn, inú ọkọ̀ tí wọ́n ń fi ọ̀pá tì, tẹrùtẹrù, tadìẹtadìẹ. Èmi tí wọ́n bí, ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí mo máa gbọ́ ìtàn yẹn, oṣù mélòó ni wọ́n ti lò nílé mi tí a ò sì ráyè jókòó.

Omi kánáàlì yìí ń ṣàn, ẹ máa rí i. Ọdún 1944 ni òfin jáde pé kí wọ́n pa á tì, kí ọkọ̀ má gba ibẹ̀ mọ́, omi mímu ló yọ ọ́, torí omi odò Dee ló ń gba inú ẹ̀ lọ sí adágún Hurleston tí wọ́n ti ń sẹ́ ẹ fún àwọn ará Cheshire. Ìdí nìyẹn tí ọkọ̀ fi ń falẹ̀ sí i tí ẹ bá ń lọ sí apá Llangollen, omi ń ṣàn wá pàdé yín, àwọn ìbejì mi ń rìn, wọ́n á sì tún jókòó dè wá!

Lọ́ọ̀kì méjì péré la bá pàdé lójú ọ̀nà, ní New Marton. Lọ́ọ̀kì ni wọ́n fi ń gbé ọkọ̀ gòkè, ẹ wa ọkọ̀ wọ inú yàrá olókùúta, ẹ ti ilẹ̀kùn ẹ̀yìn, ẹ wá fi irin kan tí wọ́n ń pè ní windlass yí ihò omi ti iwájú sílẹ̀, omi á máa rọ́ wọlé, ọkọ̀ á máa gòkè wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Igi ńlá ló wà lára ilẹ̀kùn, ẹ̀yìn làwọn ìbejì fi ń tì í. Ṣùgbọ́n ẹ ṣọ́ra nígbà tí ẹ bá ń sọ̀ kalẹ̀ o. Òkúta kan wà lábẹ́ omi nídìí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn, wọ́n fi ọ̀dà funfun fàlà síbi tó dé, ìdí ọkọ̀ ò gbọ́dọ̀ wà lẹ́yìn ìlà yẹn. Ẹni tó fún wa lọ́kọ̀ kánjú ṣàlàyé fún wa ni, a ò gbọ́ ti ìlà yẹn yékéyéké, ìgbà tí à ń bọ̀ ni omi ń fà tí mo rí i pé ìdí ọkọ̀ ti fẹ́ gbé lé òkúta, mo pariwo, a yára ti ihò omi pa, Ọlọ́run ló yọ wá. Ẹ jẹ́ kí wọ́n ṣàlàyé ẹ̀ fún yín lẹ́ẹ̀mejì, ẹ má tijú.

Ní Chirk, afárá kan wà tí wọ́n ṣe parí ní 1801, ó gbé omi kọjá lókè àfonífojì, England lẹ máa ti gùn ún, Wales lẹ máa sọ̀ sí. Bẹ́ẹ̀ bá ti sọ̀ báyìí, ihò tí wọ́n gbẹ́ gba inú òkè fún ọkọ̀ ló kù, ó gùn ju mítà irínwó lọ, dúdú kirikiri, tòun ti ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ nínú. Àwọn ìbejì tan tọ́ọ̀ṣì wọ́n bá ẹsẹ̀ wọlé, wọ́n ń pe màmá àgbà láti inú òkùnkùn, màmá ń dá wọn lóhùn láti inú ọkọ̀, ohùn wọn ń ró padà lára òkúta.

Ibi tí mo ń bọ̀ gan-an ni Pontcysyllte, afárá mìíràn tó ń gbé omi kánáàlì kọjá. Àwọn ẹnjiníà méjì, Thomas Telford àti William Jessop, ló ṣe é, wọ́n ṣí i ní 1805, UNESCO sì ti fi sára àwọn ohun ìjogún gbogbo ayé láti 2009. Àpótí irin gígùn ni, mítà 307, omi ló wà nínú ẹ̀, àwọn òpó òkúta gbé e dúró, láti orí ẹ̀ dé odò Dee nísàlẹ̀ tó ẹsẹ̀ bàtà 126. Ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ àti irin ìdìmú wà ní ẹ̀gbẹ́ kan. Ẹ̀gbẹ́ kejì ò ní nǹkan kan, tẹ́ẹ bá dúró lẹ́yìn ọkọ̀ tẹ́ẹ wo apá ibẹ̀, orí igi lẹ máa rí, lókèèrè nísàlẹ̀.

Kí a tó gùn ún, màmá ní, "Àbẹ̀kẹ́, sọ̀ mí kalẹ̀, mo fẹ́ fẹsẹ̀ rìn ín."

Àyà mi já. Mo ní kí wọ́n jókòó, wọ́n ní ṣé mo ti gbàgbé mọ́tò ọjọ́sí ni. Mi ò lè sọ̀rọ̀ mọ́. A sún mọ́ bèbè, mo di ọwọ́ wọn mú, wọ́n sọ̀ kalẹ̀. Ọwọ́ ọ̀tún wọn wà lára irin ìdìmú, ọkọ̀ wà lápá òsì wọn, ó sún mọ́ wọn débi pé wọ́n ń fọwọ́ òsì kan òrùlé ẹ̀ lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan bí ẹní ń fọwọ́ kan ẹ̀yìn màlúù. Wọ́n ń sọ fún bàbá ìbejì pé, "Ẹ rọra o, ẹ má yára jù mí lọ," ó sì ń rọra, ẹ́ńjìnnì kàn ń kùn ni. Láàárín méjì wọ́n dúró, ọkọ̀ náà dúró. Wọ́n bojú wo ìsàlẹ̀, atẹ́gùn ń fẹ́ gèlè wọn, wọ́n ní omi lókè, omi nísàlẹ̀. Lẹ́yìn náà la tún ń lọ. Wọ́n rìn ín tán pátá. Ní òdì kejì wọ́n wọ ọkọ̀ padà, wọ́n ní kí n wá omi gbígbóná sí orúnkún àwọn, wọ́n sì sùn.

Ọkọ̀ ò lè kọjá Llangollen, omi ti tẹ́ẹ́rẹ́ jù níwájú, ẹsẹ̀ lẹ máa fi lọ sí Horseshoe Falls níbi tí Telford ti ya omi kúrò lára odò Dee, bíi máìlì méjì. Ọkọ̀ ẹlẹ́ṣin ṣì wà níbẹ̀ tí wọ́n fi ń gbé àlejò, màmá wọ ìyẹn, àwa ń rìn lẹ́yìn ẹṣin. Kò sí ariwo kankan àfi pátákò ẹṣin.

Òjò rọ̀ lọ́jọ́ méjì nínú márùn-ún, ẹni tó ń wa ọkọ̀ ń gba gbogbo ẹ̀ sára, mi ò ní purọ́ fún yín. Owó tí a ná ò tó tíkẹ́ẹ̀tì ẹni méjì lọ Èkó ní Disẹ́ḿbà.

Ẹ jọ̀ọ́, olóòtú, ẹ bá mi tẹ èyí jáde kí àwọn ọmọ bàbá yẹn lè rí i. Kí wọ́n tètè háyà ọkọ̀, torí ìgbà tí iléèwé bá wà ní họ́lídé ló máa ń wọ́n jù. Kí wọ́n béèrè bí àtẹ̀gùn tí wọ́n fi ń wọ inú ọkọ̀ ṣe ga tó, tiwa ga díẹ̀, ọmọ méjì ló ń di màmá mú. Kí wọ́n gba jákẹ́ẹ̀tì tí kì í jẹ́ kí èèyàn rì sómi fún bàbá, kì í ṣe fún ọmọdé nìkan. Bàtà tí kì í yọ̀, tọ́ọ̀ṣì fún Chirk, àti àga kékeré kan fún iwájú ọkọ̀, ibẹ̀ ni bàbá máa fẹ́ jókòó sí.

Èmi ni òǹkàwé yín,
Ìyá Ìbejì, Manchester