Àwọn Wo Ló Ń Jókòó Kọ Ìlànà Fóònù Wa ní Geneva?

Ẹ̀yin olóòtú wa,

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ọ̀rọ̀ kan ti wà lọ́kàn mi tipẹ́, mo ní kí n fi ránṣẹ́ sí yín torí mi ò tíì rí ẹni tó kọ nípa ẹ̀ lédè wa. Ọ̀rọ̀ ITU ni, àjọ àgbáyé tó ń rí sí fóònù, rédíò, sátẹ́láìtì àti gbogbo ohun tó jọ bẹ́ẹ̀, Geneva ní Switzerland ni ibùjókòó wọn wà.

Iṣẹ́ òpó nẹ́tíwọ́kì ni mò ń ṣe n'Íbàdàn, èmi àtàwọn ọmọṣẹ́ mi la máa ń gùn ún tí nǹkan bá bàjẹ́ lókè. Lọ́dún 2020 tí kòrónà gbòde, tí gbogbo èèyàn ń pariwo pé 5G ló fà á, a lọ tún òpó kan ṣe ní Mọ́níyà, inú ọgbà màmá kan ni òpó yẹn wà, màmá sì kọ̀, wọn ò jẹ́ ká wọlé. Wọ́n di géètì mú, wọ́n ní, "Ọmọ mi, tí nǹkan yìí bá lọ pa èmi àtàwọn ọmọọmọ mi ńkọ́?" Mo ṣàlàyé títí pé kò tiẹ̀ sí 5G kankan lórí ẹ̀, mo ní, "Màmá, ẹ fọkàn balẹ̀, ìlànà wà tó sọ bí agbára tó ń jáde lára ẹ̀ ò ṣe gbọdọ̀ kọjá ibì kan." Wọ́n ní kí n lọ mú ìlànà ọ̀hún wá káwọn fojú ara àwọn rí i.

Lálẹ́ ọjọ́ yẹn mo wọ orí íntánẹ́ẹ̀tì, mo wá ìwé ITU kan tí wọ́n ń pè ní K.52, òun ló ṣàlàyé bí wọ́n ṣe máa mọ̀ pé òpó ò kọjá ìwọ̀n tí kò ní pa èèyàn lára, ọ̀fẹ́ ni, mo dáńlóòdù ẹ̀, mo ní kí wọ́n bá mi tẹ̀ ẹ́ jáde ní bísínẹ́ẹ̀sì sẹ́ńtà, ó di ọjọ́ kejì mo gbé e lọ fún màmá. Wọ́n wọ awò ojú wọn, wọ́n wo iwájú ìwé, wọ́n yí i padà wo ẹ̀yìn ẹ̀, wọn ò tiẹ̀ bi mí nípa nọ́ńbà kankan nínú ẹ̀, ohun tí wọ́n bi mí ni pé, "Àwọn wo ló jókòó kọ ọ́?"

Ẹnu mi wọhò. Mo mọ̀ pé ìgbìmọ̀ ITU tí wọ́n ń pè ní Study Group 5 ni, àmọ́ ta ni ta ni ló wà níbẹ̀? Ilé iṣẹ́ wo ló gbé àbá wá, ta ló ta kò ó, ta ló ní kí wọ́n dín nǹkan kù tàbí kí wọ́n fi kún un? Mo padà síbẹ̀ lọ wò ó, ibi tí àbá tí wọ́n ń kó wá sí ìpàdé wà gan-an ni wọ́n ti ní kí n mú yúsánéèmù àti pásíwọ́dù wá, àkáǹtì tí wọ́n ń pè ní TIES, àwọn tó bá sì jẹ́ ọmọ ẹgbẹ́ nìkan ni wọ́n ń fún. Ibẹ̀ ni mo há sí. Màmá jẹ́ ká ṣiṣẹ́ wa nígbẹ̀yìn, àánú ni wọ́n fi ṣe é, kì í ṣe pé mo dá wọn lóhùn.

Mi ò fẹ́ parọ́ mọ́ àjọ yìí o, wọ́n ti gbìyànjú díẹ̀. Láti 2007 ni èèyàn ti lè ka ọ̀pọ̀lọpọ̀ ìlànà wọn lọ́fẹ̀ẹ́, ìyẹn náà ni mo ṣe rí K.52. Ìpàdé ńlá tí wọ́n ṣe ní Busan, South Korea, ní 2014, wọ́n jẹ́ kí aráyé rí ìwé ìpàdé náà, nígbà tó sì di January 2017 wọ́n bẹ̀rẹ̀ ètò kan lórí ìwé tí gbogbo èèyàn lè rí. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Àmọ́ ọbẹ̀ tó ti jinná ni wọ́n gbé síta, ìdáná tí wọ́n ti ń sè é ṣì wà ní títì, ibẹ̀ sì ni èmi fẹ́ dé.

Ta ló wá ń wọ ìdáná yẹn? Orílẹ̀-èdè 194 ni, Nàìjíríà wà níbẹ̀ láti 1961, àwọn ilé iṣẹ́ àti yunifásítì sì wà níbẹ̀ lọ́pọ̀ yanturu. Ilé iṣẹ́ tó bá fẹ́ jókòó síbi tí wọ́n ti ń ṣe ìlànà, owó ọdún kan jẹ́ 31,800 owó Switzerland, wọ́n ń dín in kù fún ilé ìwé gíga àtàwọn ilé iṣẹ́ kéékèèké kan, àmọ́ ìyẹn ò kan ẹgbẹ́ àdúgbò, ẹgbẹ́ àwọn oníbàárà, tàbí èmi tí mò ń gun òpó. Ẹ wá wo IETF, àwọn tó ń ṣe ìlànà íntánẹ́ẹ̀tì fúnra ẹ̀, ọmọ tó bá ní dátà lórí fóònù ní Ògbómọ̀ṣọ́ lè ka gbogbo àbá wọn, kó ka àríyànjiyàn tó wà lórí ẹ̀, kó tún kọ tiẹ̀ síbẹ̀, kò ní san kọ́bọ̀. Ṣé iṣẹ́ wọn wá bàjẹ́ nítorí ẹ̀ ni? Kò bàjẹ́, orí ẹ̀ la wà yìí.

Ohun tó dùn mí jù ni pé nǹkan ńlá tí àwa ará ìta mọ̀ nípa àjọ yìí, ẹnìkan ló máa ń jí i gbé jáde fún wa. Ní 2012 tí wọ́n fẹ́ tún àdéhùn lórí ìbánisọ̀rọ̀ láàárín orílẹ̀-èdè tí wọ́n ti ṣe láti 1988 ní Melbourne ṣe, tí àwọn ìjọba kan fẹ́ kí ọ̀rọ̀ íntánẹ́ẹ̀tì wọ̀ ọ́, àwọn àbá náà ò sí níbi tí aráàlú ti lè rí i. Àwọn olùwádìí méjì ní Amẹ́ríkà, Jerry Brito àti Eli Dourado, ló ṣí ibì kan sórí íntánẹ́ẹ̀tì tí wọ́n pè ní WCITLeaks, wọ́n ní ẹni tí ìwé ìpàdé bá wà lọ́wọ́ ẹ̀ kó fi ránṣẹ́, ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti kọ́kọ́ rí ohun tí ìjọba tiwọn fúnra wọn fẹ́ lọ sọ. Nígbà tó di December wọ́n pàdé ní Dubai, ilẹ̀ kún, orílẹ̀-èdè 144 ló lẹ́tọ̀ọ́ láti fọwọ́ sí i, 89 fọwọ́ sí i, 55 ò fọwọ́ sí i lọ́jọ́ yẹn. Nàìjíríà wà lára àwọn tó fọwọ́ sí i, Benin àti Tógò náà. Ó lè jẹ́ pé ó dáa bí wọ́n ṣe fọwọ́ sí i, mi ò bá wọn jà lórí ìyẹn, àmọ́ èmi tí mo jẹ iṣẹ́ yìí yó, kò sẹ́ni tó bi mí, mi ò sì gbọ́ ọ lórí rédíò kankan kó tó ṣẹlẹ̀.

Ó tún ṣẹlẹ̀ ní 2019. Ìwé tó jò síta ló jẹ́ kí àwọn oníròyìn mọ̀ pé àwọn ilé iṣẹ́ Ṣáínà bíi ZTE, Dahua àti China Telecom ń gbé àbá wá sí ITU lórí kámẹ́rà tó ń fi ojú dá èèyàn mọ̀. Ẹ rò ó wò, kámẹ́rà tó lè mọ ojú ẹ àti tèmi láàárín ọjà, ẹni tó ń ta kámẹ́rà ló ń bá wọn kọ ìlànà ẹ̀, àwọn orílẹ̀-èdè tí kò lówó tí wọ́n máa fi ṣe tiwọn, láàárín wọn ọ̀pọ̀ ní Áfíríkà níbí, ìlànà ITU ni wọ́n máa ń gbé sọ di òfin wọn.

Nítorí náà kì í ṣe ọ̀rọ̀ àwọn òyìnbó lọ́hùn-ún. +234 tó wà níwájú nọ́ńbà yín yẹn, ìlànà wọn ló ti wá. NigComSat-1R, sátẹ́láìtì Nàìjíríà tí a gbé lọ sókè ní December 2011, àkọsílẹ̀ ITU ló ń dá àyè ẹ̀ mọ̀ lókè kí sátẹ́láìtì ẹlòmíì má bàa dí i lọ́wọ́.

Ti ìbò náà wà níbẹ̀. Ní Bucharest, September 2022, wọ́n yan Doreen Bogdan-Martin ọmọ Amẹ́ríkà ṣe Akọ̀wé Àgbà, ìbò 139 nínú 172, òun sì ni obìnrin àkọ́kọ́ tó máa dé ipò yẹn láti 1865 tí wọ́n ti dá àjọ náà sílẹ̀, inú mi dùn sí ìyẹn. Mi ò ní kí wọ́n tú àpótí ìbò. Ohun tí mo fẹ́ ni kó di òfin pé gbogbo ẹni tó bá ń du ipò níbẹ̀ gbọ́dọ̀ jáde wá jókòó kí aráyé bi wọ́n léèrè ọ̀rọ̀, bí UN ṣe ṣe ní 2016 kí wọ́n tó yan António Guterres ṣe Akọ̀wé Àgbà wọn, tí èmi gan-an jókòó wò lórí fóònù mi nínú ṣọ́ọ̀bù.

Ìpàdé ńlá wọn tó kàn, Doha ni, November 2026, ọdún mẹ́rin mẹ́rin ni wọ́n ń ṣe é, tí tibí bá ti kọjá ó di 2030. Ibẹ̀ ni wọ́n ti lè yí òfin àjọ náà padà, kí wọ́n ṣí àbá àwọn ìgbìmọ̀ sílẹ̀ fún gbogbo èèyàn, kí orúkọ ilé iṣẹ́ tó gbé e wá sì wà lára ẹ̀. Àwọn aṣojú Nàìjíríà lè gbé ìyẹn lọ bí àbá tiwa. Kí wọ́n tó lọ sì rèé, mo bẹ iléeṣẹ́ ìjọba tó ń bójú tó ètò ìbánisọ̀rọ̀, kí wọ́n kọ ohun tí wọ́n fẹ́ lọ sọ síta, kí wọ́n sọ ọ́ ní Yorùbá, ní Haúsá, ní Ígbò lórí rédíò, èdè mẹ́fà tí wọ́n ń sọ ní Geneva, kò sí tiwa níbẹ̀.

Ẹ̀yin náà lè bá wa ṣe é, olóòtú. Ẹ rán akọ̀ròyìn yín kan lọ bá wọn l'Ábújá, kó bi wọ́n ní ohun méjì péré: àwọn wo ló ń lọ Doha, kí ni wọ́n fẹ́ lọ sọ níbẹ̀? Tí ẹ bá ti rí ìdáhùn, ẹ tẹ̀ ẹ́ jáde, èmi á ra ẹ̀dà méjì, ọ̀kan nínú ẹ̀ á dé Mọ́níyà lọ́jọ́ náà.

Èmi ni tiyín,
Òǹkàwé yín kan láti Ìbàdàn